Bí Mo Ṣe Yan Awò Ọdẹ Olówó Pọ́ọ́kú ní Ẹ̀pẹ́

Igbó Ẹ̀pẹ́ dí. Ẹtu àti ìgalà tí à ń wá níbẹ̀, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jáde jẹun. Nítorí náà, nígbà tí mo mú ₦40,000 dání láti ra awò awọ̀nàjíjìn, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa ni mo ń wá.

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára awò. Nínú 8x40, 8 ni ìlọ́po tó fi ń fa nǹkan súnmọ́ni, 40 sì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Fi 8 pín 40, 5 ló jáde: fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọmọlójú lè fẹ̀ tó mìlímítà 5 sí 7. Awò 10x25 tó ń wọ àpò, 2.5 péré ló ń gbé wá, kò sì lè ran ọdẹ lọ́wọ́ lábẹ́ igi. Èyí tí ìlọ́po rẹ̀ bá ju 10 lọ, gbígbọ̀n ọwọ́ á ba àwòrán rẹ̀ jẹ́. 8x40 ni mo gbájú mọ́. 7x35 náà á ṣe é.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára awò gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Rúlà ni mo mú lọ sọ́jà. Mo wọn gíláàsì iwájú, mo wá na awò síbi tí ojú ọ̀run ti mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí oòrùn láéláé. Mo gbé e jìnnà sójú, mo wọn òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ tó yọ níbi tí à ń gbà wò ó, mo sì fi í pín ti iwájú. Bí wọ́n bá kọ 60x60, tí iwájú jẹ́ 35, tí òbìrìkìtì sì jẹ́ 4, ìlọ́po awò náà kò tó 9; irọ́ ni wọ́n kọ. Bí etí òbìrìkìtì bá gé ní igun mẹ́rin dípò kó yí po, gíláàsì inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní BK-7. Irú tí wọ́n ń pè ní BaK-4 ló sàn. Gíláàsì pupa ni kí ẹ sá fún jù, torí ó ń da apá kan ìmọ́lẹ̀ padà.

Tòkunbọ̀ tí gíláàsì iwájú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ju ti ẹ̀yìn lọ ni mo yàn. Ní iye owó kan náà, àwòrán rẹ̀ sábà máa ń mọ́ ju ti olójú tààrà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ láti iwájú: bí nǹkan bí òwú aláǹtakùn bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́. Mo gbé e lọ sétí ọ̀sà lápá Òlúwo, mo wo òpó kan lókèèrè, mo sì ń gbé awò kúrò lójú díẹ̀díẹ̀. Bí òpó kan bá di méjì, gíláàsì inú awò náà ti yẹ̀; ó lè ti ṣubú rí. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á; orí fífọ́ ló máa kó bá yín.

Lẹ́yìn tí mo sanwó, mo fi ọwọ́ bo iwájú ọ̀tún, mo yí àgbá àárín títí ojú òsì fi rí kedere. Mo wá bo òsì, mo yí òrùka ẹ̀yìn ọ̀tún nìkan. Ẹ má fo èyí, torí bí kò bá mọ́ kedere, ẹni tó ń ṣẹ́gi lè jọ ẹran lójú ọdẹ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni na ìbọn sí ohun tí kò tíì dá mọ̀.

Àpò awọ máa ń fa omi mọ́ra. Inú ike onídèérí pinpin ni mo ń tọ́jú awò sí, pẹ̀lú silica gel tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà. Bí òjò bá pa á, mo máa ń jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí n tó dé e.