Bí àdúgbò ṣe lè para pọ̀ tọ́jú àgbàrá kó tó dé adágún Ọpa

Àgbàrá tó bá bọ́ sínú odò Ọpa ní Ilé-Ifẹ̀, adágún tí wọ́n sé sínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń lọ. Ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ tó bá gbé débẹ̀ ni ojúoró ń jẹ. Ojúoró ní í lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá bo adágún, ẹja kì í rí afẹ́fẹ́ mí.

Ẹ pe ẹgbẹ́ onílé, àwọn mẹkáníìkì, ìyálọ́jà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ jọ. Ẹ jọ tọ àgbàrá lọ lọ́jọ́ òjò, kẹ́ ẹ sàmì síbi tó ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Ìpàdé orí àga kò lè fi èyí hàn yín.

Ẹ kó gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ló máa gbá a padà.

Níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ to òkúta dábùú ojú àgbàrá, kó má ga ju sẹ̀ntímítà 60 lọ. Kí àárín rẹ̀ fi sẹ̀ntímítà 15 relẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbẹ́ bèbè wó. Tẹ́ ẹ bá to ju ẹyọ kan lọ, orí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé ẹsẹ̀ èyí tó wà lókè rẹ̀. Tí ẹrẹ̀ bá dé ìdajì gíga rẹ̀, ẹ kó o.

Koríko fẹtífà, tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ jìn, ni kẹ́ ẹ gbìn sí bèbè, sẹ̀ntímítà 10 sí 15 síra wọn, ní ìdábùú.

Ọ́ìlì tí mẹkáníìkì bá yọ, inú kẹ́ẹ̀gì oníderí ni kí wọ́n dà á sí, kó má bàa bá àgbàrá lọ.