Bí mo ṣe gé mesh wẹ́wẹ́ títí stress fi dúró sójú kan

Pléètì irin kan ni: ìbú rẹ̀ 100 mm, gígùn 400 mm, ó nípọn tó 10 mm. Òun ló máa so irin òrùlé gbọ̀ngàn kan pọ̀ ní Òkè-Fìà, níbí l'Óṣogbo. Wọ́n fẹ́ lu ihò 20 mm sáàárín rẹ̀ kí wáyà iná lè gbabẹ̀ kọjá, agbára 40 kN ló sì máa máa fà á. Gmsh ni mo fi ya mesh, ìyẹn àwòrán pléètì tí a gé sí wẹ́wẹ́: wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ni element, àwọn ojú àmì etí rẹ̀ ni node. CalculiX ló ṣe ìṣirò stress, ìyẹn agbára tó wà lórí mm² kọ̀ọ̀kan. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Bírò ni mo kọ́kọ́ mú. 40,000 N lórí 1,000 mm² (ìbú 100 × nínípọn 10) jẹ́ 40 MPa; MPa kan ni N kan lórí mm² kan. Kirsch, ọmọ Jámánì, ti fi hàn ní 1898 pé bí pléètì bá fẹ̀ láìlópin, stress etí ihò máa ń di ìlọ́po mẹ́ta. Tèmi kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ihò ti gba ìdá kan nínú márùn-ún ìbú rẹ̀, nítorí náà ó di nǹkan bíi ìlọ́po 3.14. Á jẹ́ pé nǹkan bíi 125 MPa ni mò ń wá. Ẹni tí kò bá mú iye kankan dání, àwọ̀ pupa tó bá kọ́kọ́ rí lójú kọ̀ǹpútà ló máa gbà gbọ́.

Ìdá kan nínú mẹ́rin pléètì náà ni mo yà, torí ọ̀tún jọ òsì, òkè sì jọ ìsàlẹ̀. Mo de àwọn node orí ìlà òòró kí wọ́n má lọ sọ́tùn-ún sósì, mo de ti ìlà ìbú kí wọ́n má lọ sókè sódò. 20 kN ni mo wá fi fa etí rẹ̀, kì í ṣe 40, torí ìdajì ìbú pléètì ló kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

E irin, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti nà tó, 210,000 MPa. Bí ẹ bá fi Pa kọ ọ́ nígbà tí mm àti N lẹ̀ ń lò, stress ò ní yí padà rárá, torí agbára nìkan ló ń fà á. Bí etí ṣe sún ló máa tú àṣírí. Stress 40 × ìdajì gígùn 200 ÷ 210,000 jẹ́ 0.038 mm, ó gbọ́dọ̀ lé díẹ̀ nítorí ihò.

Mesh àkọ́kọ́: element onígun mẹ́ta, node mẹ́ta, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan 10 mm. Ó yá débi pé kò bẹ̀rù kí iná lọ. Etí sún bó ṣe yẹ, àmọ́ stress kò dé 100 MPa. Iye stress kan ṣoṣo ni irú element yìí lè gbé jákèjádò ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ stress létí ihò ń já wálẹ̀ kíákíá láàárín mìlímítà díẹ̀. Méjì péré ló sì jókòó sí etí ihò náà.

Nínú Gmsh, mo sọ Mesh.ElementOrder di 2, kí element kọ̀ọ̀kan ní node mẹ́fà. Mo lo Distance àti Threshold, àṣẹ Gmsh tó ń fi bí ibì kan ṣe jìnnà sí ihò pinnu ìwọ̀n element, kó lè kéré létí ihò nìkan, kó tóbi tó 15 mm lókèèrè. Mo ṣe é ní 4, 2, 1 mm. Láti 2 sí 1, ìyàtọ̀ kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dúró nítòsí 125. Àwòrán lásán kò tó o: CalculiX ti pín iye àwọn element dọ́gba lórí node kó tó kùn ún, ìyẹn sì máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Mo fi *EL PRINT, àṣẹ CalculiX, wo iye inú element kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó gbà mí lásìkò ni orí kejì, níbi tí wọ́n fẹ́ gé igun sínú pléètì. Odindi ni mo yà fún èyí. Bí mo bá ti gé element sí méjì, stress igun inú á fi nǹkan bíi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, mo tún gé e, ó tún lé. Kò níbi tó ń lọ. Mesh kọ́ ló jẹ̀bi o. Igun inú tó mú ṣáṣá, tí kò ní ìyíká rárá, stress rẹ̀ kò lópin nínú ìṣirò irin tó ń nà tó ń padà. Mo sọ fún ọ̀gá wẹ́dà pé kí wọ́n fi bíìtì 10 mm lu ihò sójú igun náà ná, kí díìsì ìgérin wá pàdé ihò yẹn. Mo fi ìyíká 5 mm náà sínú àwòrán, element 1 mm àti 0.5 mm sì fún mi ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.