Bí a ṣe ń tọ ìtàn títì ńlá ìlú kékeré láti ilé dé ilé

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí títì yín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí: láti iwájú ààfin dé ọjà, tàbí láti ọjà dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ rìn ín tán, kí ẹ sì fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: 1, 3, 5 lápá ọ̀tún, 2, 4, 6 lápá òsì. Àárọ̀ ni kí ẹ ya fọ́tò ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn, ìrọ̀lẹ́ ni ti ìwọ̀ oòrùn. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ilé, ohun tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ kò ní hàn.

Ẹ má tètè gba ọdún tó wà lókè ẹnu ọ̀nà gbọ́. Ó lè jẹ́ ọdún tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé náà. Ẹ wá ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ṣí. Bí amọ̀ tó tò ní ipele ipele bá yọjú lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé náà dàgbà ju ọdún yẹn lọ.

Pátákó àti rìsíìtì àtijọ́ ló sábà máa ń tú àṣírí jù. Ẹ jẹ́ ká mú Ẹdẹ. Bí a bá kọ “Western Region” sábẹ́ orúkọ ìlú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ìparí oṣù karùn-ún 1967. “Western State” bọ́ sáàárín 1967 sí 1976, “Oyo State” sáàárín 1976 sí 1991, “Osun State” sì ni lẹ́yìn náà. Owó tí a kọ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti wà ṣáájú 1973. Orúkọ U.A.C. (United Africa Company, ilé-iṣẹ́ òwò ńlá kan) kò lè ṣáájú 1929. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé ni èyí ń sọ, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn: oníṣòwò kì í da rìsíìtì tó ti tẹ̀ nù nítorí ìjọba yí orúkọ ìpínlẹ̀ padà.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbà, ẹ má bèèrè “ọdún wo?” Ẹ so ọ̀rọ̀ mọ́ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀: “Bàbá, ṣé ilé yìí ti wà kí ọkọ̀ tó kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún?” Oṣù kẹrin 1972 nìyẹn. Ogun Hitler (1939 sí 1945), Wẹ́tíẹ̀, ìjà òṣèlú tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti ènìyàn (1965 sí 1966), àti òmìnira (1960) náà wúlò. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907; ìlú tó wà láàárín wọn lójú irin náà lè fi èyí mọ ìgbà tí ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọjà.

Ìbéèrè tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni “Ta ló ni ilẹ̀ yìí?” Kíá ni ẹjọ́ ilẹ̀ á bọ́ sáàárín, ẹnu á sì pa dé. Ẹ bèèrè pé, “Kí ni wọ́n ń tà níbí?” Ẹ bi àwọn ìyá aláṣọ àti ìyá elélùbọ́ pẹ̀lú. Wọ́n máa ń rántí ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, tọkùnrin tobìnrin.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ sí National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú orúkọ ilé àti oníṣòwò dání, kí ẹ sì wá wọn ní àkọtọ́ àtijọ́: “Oshun”, “Oshogbo”. Bí ilé méjì bá sọ ohun tó yàtọ̀ síra, ẹ kọ méjèèjì, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ.