Bíréèkì tó há tí kò tú: kí ẹ tó ra kálípà, ẹ yẹ hóòsì wò

Corolla 2005 kan ni mo tún ṣe ní Ìbàrà. Ẹjọ́ tí ẹni tó ni ín rò ni pé bí òun bá ti ń ti Òkè-Ìlewò sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ á máa fà sí ọ̀tún, òórùn nǹkan tó ń jóná á gba inú ọkọ̀, bí òun bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ ò ní fẹ́ yí mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ kálípà iwájú ọ̀tún (irin tó ń fi páàdì fún díìsìkì táyà pa kí ọkọ̀ lè dúró) sí tòkunbọ̀ níbòmíràn, kò sì yí nǹkan kan padà. Ìlú olókè ni Abẹ́òkúta. Bíréèkì tí ì bá ṣì máa rọ́jú lórí ilẹ̀ títẹ́jú kì í pẹ́ tú àṣírí ara rẹ̀ níbí.

Kí n tó tú ohunkóhun, mo wa ọkọ̀ náà díẹ̀, mo páàkì, mo sì gbé àtẹ́lẹwọ́ súnmọ́ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì fọwọ́ kàn wọ́n. Ti iwájú ọ̀tún gbóná janjan, àwọn mẹ́ta yòókù kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ká ní iwájú méjèèjì tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbóná bákan náà, másítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí pẹ́dà ń tì kó lè ti fúlúùdì bíréèkì lọ sí ìdí táyà, ni ǹ bá kọ́kọ́ fura sí: bóyá ọ̀pá tó ń ti másítà ò ní àyè mọ́, torí pé pẹ́dà gbọ́dọ̀ lè wọlé díẹ̀, bíi mílímítà 1 sí 6, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti másítà. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ike fúlúùdì, tí gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ti wú. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló há níbí, ibẹ̀ sì ni mo dojú kọ.

Mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mo fi jáàkì gbé iwájú sókè, mo sì gbé e lé ìdúró irin. Jáàkì nìkan ò tó fún ẹni tó fẹ́ ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀. Jíà wà ní N. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ bíréèkì, kó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Táyà òsì yí, ti ọ̀tún ò mì.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó tí kò yẹ. Mo fi sípánà 10 tú nípù tó wà lẹ́yìn kálípà díẹ̀, ìyẹn bóòtì kékeré tí a ń tú kí fúlúùdì àti afẹ́fẹ́ lè jáde. Fúlúùdì tú jáde pẹ̀lú agbára, táyà sì yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé kálípà ò lẹ́bi. Fúlúùdì tí a tẹ̀ wọlé ni kò rí ọ̀nà padà. Ká ní nípù ti ṣí tí táyà ṣì há, pístìn (irin inú kálípà tó ń ti páàdì) tàbí píìnì tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni ǹ bá máa wá. Mo dé nípù padà, a tún tẹ bíréèkì kó há, mo wá tú nọ́ọ̀tì 10 níbi tí páìpù irin ti pàdé hóòsì rọ́bà tó ń gbé fúlúùdì lọ sí kálípà. Táyà ò yí. Bó bá yí ni, ìdíwọ́ ì bá wà lókè, bóyá ní másítà tàbí ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì lójijì). Bí kò ṣe yí yìí, inú hóòsì ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí mo yọ hóòsì náà, mo fi abẹ là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lóde, kò sán, kò wú, ẹni tó bá fojú lásán wò ó á ní kò sí wàhálà. Nínú, awẹ́ rọ́bà kan ti ṣí kúrò lára ògiri rẹ̀, ó sì nà sí ọ̀nà kálípà, bí ilẹ̀kùn tí kì í ṣí ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Agbára ẹsẹ̀ wa pọ̀, ó ń ti fúlúùdì kọjá. Àmọ́ ohun tó ń fa pístìn padà kò ju rọ́bà tó yí i ká lọ, agbára yẹn ò sì tó ṣí ilẹ̀kùn náà. Ọjọ́ orí máa ń fa èyí. Fúlúùdì tí kò bá rọ́bà mu àti páláyà tí àwọn kan fi ń fún hóòsì pa náà máa ń fà á. Fífi hóòsì gbé kálípà kọ́ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ páàdì tún wà níbẹ̀. Ẹ fi wáyà so kálípà mọ́ sípíríǹgì, ẹ jọ̀wọ́.

Hóòsì tuntun méjì ni mo rà, ọ̀tún àti òsì, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Mo ta nylon sábẹ́ ìdérí ike fúlúùdì kó má baà máa ṣàn lọ púpọ̀. Sípánà tó gbá nọ́ọ̀tì páìpù mú yíká ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó lanu gbayawu, nítorí nọ́ọ̀tì yẹn rọ̀, igun rẹ̀ tètè máa ń jẹ, páìpù á sì wá lọ́. Wáṣà bàbà méjì tó wà níbi bóòtì kálípà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ọ̀kan wà lókè ojú hóòsì, èkejì wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí mo dè é, mo yí sítíárì dé òpin sọ́tùn-ún, mo yí i dé òpin sósì, mo sì wò ó dáadáa pé hóòsì ò lọ́, kò sì kan táyà.

Páàdì ọ̀tún ti jẹ dé mílímítà 4, ti òsì ṣì wà ní 8. Páàdì inú àti ti ìta ní ọ̀tún jẹ dọ́gba, èyí tún gbe ẹ̀rí hóòsì lẹ́sẹ̀: bí píìnì bá há, ti inú ló sábà máa ń jẹ ju ti ìta lọ. Ojú páàdì náà ti jóná, ó ń dán, nítorí náà mo pààrọ̀ ti iwájú méjèèjì pọ̀. Mo nu píìnì, mo fi gírísì bíréèkì tí wọ́n fi silicone ṣe kùn wọ́n. Gírísì lásán tí a ń fi sí bẹ́ríìnì máa ń wú rọ́bà. Mo wọn díìsìkì, ó ṣì nípọn ju iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sí i lára.

DOT 3 ni fúlúùdì rẹ̀. Ti inú ike ti dúdú. Bó bá jẹ́ tuntun, ó kéré tán 205°C ló tó hó. Bí omi tó fà láti inú afẹ́fẹ́ bá tó ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè máa hó ní 140°C péré. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, fúlúùdì bẹ́ẹ̀ á di oru nínú kálípà, pẹ́dà á sì wọlẹ̀ láì mú ọkọ̀ dúró. Mo fi síríńjì fa ti inú ike kúrò, mo da tuntun sí i láti inú ìgò tí a kò tíì ṣí rí. Lítà 1 tó fún gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà sí másítà jù, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Rọ́bà díríìpù tí a rà ní ilé oògùn ni mo kì bọ nípù, ẹnu rẹ̀ kejì rì sínú fúlúùdì nínú ìgò. Ọmọ iṣẹ́ á tẹ̀, á dì í mú, màá ṣí, màá dé, kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo fi igi kékeré sábẹ́ pẹ́dà kó má baà tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀: nínú másítà tó ti gbó, ìdọ̀tí àti ìpata wà níbi tí rọ́bà kì í dé lójoojúmọ́, bó bá sì dé ibẹ̀, ó lè ya. Ike ò sì gbọdọ̀ gbẹ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á wọlé, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kán sí ọ̀dà ọkọ̀, ẹ da omi sí i kíá, nítorí ó ń bó ọ̀dà.

Kí n tó gbé e jáde, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tẹ pẹ́dà léraléra títí ó fi le, mo sì dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Kò rọra wọlẹ̀. Bó bá ń rọra wọlẹ̀ láìsí ibi tó ń jò lóde, rọ́bà inú másítà ti lọ. Mo tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà, ó sọ̀ díẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nọ́ọ̀tì táyà gba 103 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè é), mo dè wọ́n ní ìdojúkọra.

Orí títì tó tẹ́jú ni mo kọ́kọ́ wà á lọ, mo ń dín eré rẹ̀ kù láti 50 km/h díẹ̀díẹ̀ kí páàdì tuntun lè bá díìsìkì mọra, ká tó gbé e gun Òkè-Ìlewò, ká sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ooru ọ̀tún àti òsì dọ́gba, sítíárì ò fà. Mo ní kí ẹni tó ni ín gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí n wo ìdí wáṣà bàbà àti ìwọ̀n fúlúùdì lẹ́ẹ̀kan sí i.