Ẹ má fi awò ojú títì tan ara yín: àṣìṣe tí à ń ṣe nípa ojú àti iyè àwọn àgbà

Ọjà Balógun ni mọ́mì mi ti ń ta àǹkárá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka ṣéńjì fún oníbàárà, kò pẹ́, wọ́n tún ka owó kan náà fún un. Mo ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n ní ojú àwọn ń ṣe bàìbàì, mo bá ra awò lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní Ìdúmọ̀tà. Àṣìṣe méjì nìyẹn.

Awò á jẹ́ kí lẹ́tà hàn, àmọ́ kò lè sọ ohun tó ń ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láti inú oyún ni rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú, ti yọ jáde lára ọpọlọ, iṣan tín-ín-tín-ín tó wà níbẹ̀ sì jọ ti ọpọlọ. Láti 1851 tí Hermann von Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ojú ni dókítà ti ń rí i láì fi ọ̀bẹ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tó ń ba ti ojú jẹ́ kì í sábà dá ti ọpọlọ sí.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n kán oògùn sí ojú mọ́mì, wọ́n sì ya fọ́tò. Mo rí i: òwú pupa wínníwínní, òmíràn ti fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti jò tó-tò-tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi wọ́n rèé: "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?"

Wọ́n ti pa á tì, torí orí ò fọ́ wọn mọ́. Àṣìṣe tó dùn mí jù nìyí. Ẹ̀jẹ̀ lè ru gan-an kí nǹkan kan má dun èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn dúró láì bi dókítà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà, kó má dúró dìgbà tí ojú bá ṣú. Kó máa yẹ ojú wò lọ́dọọdún.

Ẹ má kọ oògùn kíkán torí ẹ fẹ́ tètè padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú á ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, ẹ mú ẹni tó máa wakọ̀ lọ. Ẹ má sì da ìtọ̀ tàbí àgbo sójú.

Ẹ má tún gbé fọ́tò ojú, kí ẹ ní ẹnìkan ti ń ṣarán. Ìbàjẹ́ iṣan ojú àti àárẹ̀ iyè lè máa rìn pọ̀ ni, àmọ́ iyè ní àyẹ̀wò tirẹ̀.

Ní báyìí, kí mọ́mì tó wọ ọkọ̀ láàárọ̀, mo máa ń pè wọ́n: "Mọ́mì, ẹ ti lò ó?"