Kìlò tòmátì kan ní Kétu, ní Libreville àti ní Geneva: ìrírí mi

Ẹjọ́ tí ìyá mi ń rò nílé wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lé lọ́dún mẹ́wàá ní Libreville, ní Gàbọ̀n, oṣooṣù ló sì máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó yá, owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Màmá ní ó ti háwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò háwọ́, oúnjẹ ló ń gba owó lọ́wọ́ òun. Màmá ò gbà. "Ṣebí séfà ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, séfà náà la ń ná níbí. Kí ló wá mú kí oúnjẹ tiwọn wọ́n ju tiwa?"

Kì í kúkú ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ìwé owó wọn yàtọ̀ sí tiwa, ẹ ò lè mú un lọ ra gààrí ní Kétu, ṣùgbọ́n iye kan náà ni méjèèjì: 655.957 séfà ni yúrò kan, níbí àti lọ́hùn-ún. Ni mo bá ní kí wọ́n fún mi láyè kí n wádìí rẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó ra nǹkan mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé: kìlò tòmátì kan, kìlò àlùbọ́sà kan, kìlò ìrẹsì kan àti ẹyin 30. Èmi náà á ra tèmi lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Geneva, ní Swítsàlandì, gbọ́, ó ní òun náà á bá wa ṣe é, kí a má baà rò pé ará Libreville nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí màbo.

Tèmi tí mo rò pé ó máa rọrùn jù ló le jù. Ta ló ń fi kìlò ta tòmátì lọ́jà wa? Abọ́ ni, tàbí apẹ̀rẹ̀. Tóńgólò la fi ń wọn ìrẹsì, tóńgólò náà sì kéré sí kóńgò tí wọ́n ń lò lápá Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó bá fi iye ọ̀kan wé èkejì ti ṣìnà. Mo yá ìwọ̀n kékeré lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan tó ń ṣe gàtó, ìyẹn àkàrà òyìnbó, mo gbé e sínú àpò, ó di ọjà.

Ìyá tí mo lọ bá wo ìwọ̀n náà bí ẹni wo ejò. "Ṣé dókítà ló rán ẹ wá ni?" Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n da abọ́ tòmátì 400 séfà sórí rẹ̀: gíráàmù 820. Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ju mẹ́ta sí i, wọ́n ní ẹ̀ènì mi nìyẹn. Ó di 1,040. Mo dúró, bírò lọ́wọ́. Tí mo bá ka ẹ̀ènì mọ́ ọn, 385 séfà ni kìlò kan; tí n ò bá kà á, ó sún mọ́ 490. Mo kà á. Inú ọbẹ̀ wa náà ló ṣáà lọ.

Àlùbọ́sà jẹ́ 600. Ẹni tó ń tà á ní láti Malanville ló ti wá, létí odò Ọya lókè lọ́hùn-ún, ìyẹn ni pé ó ti rìn já ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìrẹsì 600. Ẹyin 2,700.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tòmátì, 1,500. Àlùbọ́sà, 1,000. Ẹyin, 3,500. Ìrẹsì, 650. Mo ní kó tún ti ìrẹsì yẹn pè. 650 náà ni.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí jù. Láti Éṣíà ni ìrẹsì tí àwa àti àwọn ń jẹ ti ń bọ̀, ọkọ̀ òkun ló ń já a sí Kùtọ́nu fún wa, tó ń já a sí Owendo fún wọn. Ó la òkun ńlá kọjá, síbẹ̀ iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tòmátì tó ti Kamẹrúùnù wá, ìyẹn ilé kejì sí wọn, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin tiwa! Igbó ló bo Gàbọ̀n, epo rọ̀bì ni wọ́n gbójú lé, oko ò pọ̀, mọ́tò ló sì ń kó tòmátì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà gba ojú ọ̀nà wá bá wọn. Tí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, apá kan ti rà kó tó dé, ẹni tó bá ra èyí tó kù ló ń san owó èyí tó rà. Ọkọ̀ òkun kì í rì sínú ẹrẹ̀, ìrẹsì kì í sì í rà lọ́nà.

Ti Geneva ló wá kẹ́yìn. Mo fi 700 séfà ṣírò owó Swítsàlandì kan, torí kò jìnnà síbẹ̀. Tòmátì 2,800, àlùbọ́sà 1,400, ìrẹsì 1,750. Ẹyin 30? 11,550. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹyin adìẹ, àbí ẹyin ọ̀kín?"

Àbúrò wa ṣàlàyé. Láti 1992 ni wọn ò ti gbà kí ẹnikẹ́ni ti adìẹ mọ́ inú kéèjì kéékèèké níbẹ̀. Owó òṣìṣẹ́ wọ́n. Ìjọba sì ń gba owó ibodè gọbọi lórí oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè kí àwọn àgbẹ̀ tiwọn lè rówó jẹ. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní òun fúnra òun kì í sábà ra ẹran níbẹ̀. Tíráàmù lòun ń wọ̀ lọ sí Annemasse ní Faransé. Ibodè ń gba owó lórí ẹran tó bá ti ju kìlò kan lọ fún ẹnì kan lóòjọ́, láti 2025 sì ni ọjà tó bá ti ju 150 lọ ní owó wọn ti ń san owó orí.

"Ìlárá náà nìyẹn," ni Màmá wí. Òótọ́ ni. Ààlà gba àárín Ìlárá, apá kan jẹ́ tiwa, èkejì jẹ́ ti Nàìjíríà, láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ ní 2023, tí séfà ò sì kúrò lẹ́yìn yúrò, ta ni ò mọ ẹni tó ń sọdá lọ ra ọṣẹ àti ìńdómì? Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, Màmá wà lára àwọn tó ráhùn jù.

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kétu, 4,285. Libreville, 6,650. Geneva, 17,500. Màmá ò tiẹ̀ wo ti Geneva mọ́. Wọ́n ní ẹni tó ń gba owó oyìnbó, kó san owó oyìnbó. Ti Libreville ni wọ́n béèrè: "Èló ni wọ́n fi kún owó oṣù ẹ̀gbọ́n rẹ látẹ̀yìn wá?" Mo ní wọn ò fi kọ́bọ̀ kún un. Wọ́n dákẹ́.

Wọn ò bẹ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má retí ìyẹn. Wọ́n kàn béèrè ọjọ́ tí ọmọ aládùúgbò wa ń padà sí Libreville ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn nílẹ̀ tí wọ́n ń di ata gbígbẹ, ilá gbígbẹ àti gààrí sínú àpò, wọ́n ní kí n gbé ìwọ̀n yẹn wá. Mo gbé àpò náà lé e. Ìwọ̀n alágàtó kọ̀wé "Err", kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí mo fi dá a padà.