Tí àyà bá ń já yín nínú odò tàbí òkun: ẹ mí síta ná

Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà kan gbáko nínú púùlù láìsinmi lè bọ́ sínú adágún tàbí òkun, kó má tíì lọ ju 50 mítà lọ, kí àyà rẹ̀ ti máa lù kìkìkì, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì dà bí ohun tí wọ́n fún pọ̀. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kò sí ògiri tó máa dì mú níbẹ̀ ni, kò sí ìlà dúdú nísàlẹ̀ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, omi náà tutù, ó sì ṣókùnkùn débi pé kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ara ka gbogbo rẹ̀ sí ewu, èémí ló sì kọ́kọ́ dà rú. Ibi tí ìjayà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà la sì ti ń dá a dúró.

Ohun tó ń ṣe èémí

Ohun méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni òtútù. Tí ara bá bọ́ lójijì sínú omi tí kò tó 15°C, ẹni náà á fa èémí hẹ̀ẹ̀ láìfẹ́, á wá máa mí gúlegúle, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì lọ sókè. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ náà lè ṣe é, àmọ́ kì í le tó bẹ́ẹ̀. Ìgboyà ò ràn án, torí kì í ṣe ìbẹ̀rù ló fà á. Awọ ara ló ń fèsì fún òtútù. Ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, tó bá sì fi máa di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí mẹ́ta, á ti rọlẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé òun ti ń kú lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi jà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dúró kó kọjá.

Ìkejì ni dídi èémí mú, òun gan-an ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí ojú bá ti wọ inú omi, ẹni tí ẹ̀rù ń bà á di èémí mú. Nígbà tó bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mí, ó gbọ́dọ̀ mí síta kó tún mí sínú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, àyè ò sì gba méjèèjì. Ló bá fa tuntun lé ògbólógbòó lórí. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ tó yẹ ká mí síta, ń jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ara ń pariwo pé òun fẹ́ afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ àyà ti kún dẹ́múdẹ́mú.

Ẹ dán an wò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí. Ẹ mí sínú. Ẹ má mí síta, ẹ tún fa díẹ̀ lé e. Ẹ tún fa díẹ̀ sí i. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ejìká yín á ti gbéra lọ sí etí, àyà á ti le gbagidi, ẹ ó sì máa wá afẹ́fẹ́ bíi pé ẹ ò ní rárá. Ẹ wá tú u sílẹ̀, fúùù. Ìtura tẹ́ ẹ rí yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa rí lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ju ọwọ́ nínú omi. Ìdí rèé tí “fa èémí sínú dáadáa” tí wọ́n máa ń ké sí ẹni tí àyà ń já fi máa ń ba nǹkan jẹ́ sí i. Ẹ ní kó mí síta.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é nínú púùlù

Ẹ di etí púùlù mú, ẹ ki ojú bọ omi, kẹ́ ẹ sì máa kùn: hùùùùn. Ẹni tó bá ń kùn kò lè di èémí mú, ìdí tá a fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kẹ́ ẹ gbé ojú sókè, ẹ mí sínú, ẹ padà. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, nígbà mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun mìíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe mí kíákíá léraléra kẹ́ ẹ tó rì sínú omi, kẹ́ ẹ lè pẹ́ nísàlẹ̀ o. Ó ń lé kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì kúrò lára, àmì tó yẹ kó sọ fún yín pé kẹ́ ẹ jáde ò sì ní dé lásìkò. Èèyàn lè dákú lábẹ́ omi láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ bí ẹ ṣe ń yí padà dùbúlẹ̀ fẹ̀yìn lé omi. Ẹ ju ọwọ́ mẹ́fà, ẹ yí, ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ yí padà, ẹ máa lọ. Ẹ ṣe é títí tí ara á fi máa ṣe é fúnra rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí ìjayà bá dé, orí ò ní ráyè rò ó.

Ẹ tún mú ògiri kúrò: kí púùlù tó tán ní mítà méjì, ẹ yí padà láìfọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti ṣófo, ẹ dijú ju ọwọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kẹ́ ẹ là á wò bóyá ẹ ti yà bàrá. Ẹ bọ́ awò ojú láàárín omi jíjìn, ẹ tún un wọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbá omi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ síbi ìdíje, kí ẹ̀yin mẹ́ta lúwẹ̀ẹ́ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ìgbọ̀nwọ́ máa kọ lu ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ ẹlòmíì máa gbá yín lójú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú agbami.

Wíwo iwájú náà lẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ojú nìkan ló ń yọ lókè omi bíi ti ọ̀nì, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọwọ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tó wá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mí. Ẹni tó bá ń gbé gbogbo orí sókè, ìdí rẹ̀ á rì, ọrùn á rẹ̀ ẹ́, èémí á sì tán.

Aṣọ tó ń fún ọ̀fun

Ọ̀pọ̀ ìjayà tí wọ́n ń sọ pé “orí ló fà á”, aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń pè ní wetsuit ló fà á. Ó ń ranni lọ́wọ́, ó ń múni léfòó, ó sì ń gbani lọ́wọ́ òtútù. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá fà á sókè dáadáa, á máa fa ọrùn wálẹ̀, á tẹ ọ̀fun, á tún há àyà mọ́. Àtìsàlẹ̀ la ti ń wọ̀ ọ́: ẹ kó o gun ọrùn ẹsẹ̀, ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní sí àlàfo kankan láàárín itan, ẹ wá fa ti ikùn, ẹ fa apá sókè kí rọ́bà tó pọ̀ tó wà ní èjìká. Kí ẹlòmíì bá yín fa sípù. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: tí ọrùn bá fún yín, ìsàlẹ̀ lẹ ti máa tún un ṣe, kì í ṣe ọrùn. Tẹ́ ẹ bá dé inú omi, ẹ fa ẹnu ọrùn rẹ̀, kí omi díẹ̀ wọlé. Òtútù á mú yín fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n aṣọ náà á dẹ̀ lára yín.

Ẹ so bọ́ì aláfẹ́fẹ́ aláwọ̀ títàn, ìyẹn àpò tó ń léfòó, mọ́ ìbàdí, ẹ dé fìlà tó hàn kedere. Bọ́ì yẹn kì í ṣe ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí, àmọ́ èèyàn lè gbá a mọ́ àyà sinmi, ọkọ̀ ojú omi á sì tètè rí yín.

Wíwọ inú omi

Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má sì mutí lọ. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, ìfúnpá gíga tàbí ikọ́ fée gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ bi àwọn tó mọ omi náà nípa ìṣàn rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń jáde, kẹ́ ẹ sì mú igi ńlá tàbí ilé kan létí omi ṣe àmì.

1. Ẹ rìn kánkán, kẹ́ ẹ máa yí apá fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lórí ilẹ̀.
2. Ẹ má fò sínú omi. Ẹ rìn dé orúnkún, dé ìbàdí. Ẹ bomi sí ọrùn ọwọ́, ojú àti ẹ̀yìn ọrùn.
3. Ẹ lóṣòó títí omi á fi dé èjìká, kí ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ mí sínú ní kíkà mẹ́ta, ẹ mí síta ní kíkà mẹ́fà. Ẹ dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi lè ka ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀, láti Àìkú dé Àbámẹ́ta, nínú èémí kan ṣoṣo láìjá a. Tó bá já ní Ọjọ́rú, kò tíì yá.
4. Ẹ ki ojú bọ omi, ẹ kùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bíi ti púùlù.
5. Ẹ ju ogún ọwọ́ lọ, ogún bọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ yín ti lè kanlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí 200 mítà àkọ́kọ́ lọ́ra débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tì yín lójú. Ẹ máa lọ ní ìbú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí omi, kì í ṣe tààrà sí àárín. Ẹni tó bá sáré látìbẹ̀rẹ̀, iṣan rẹ̀ á béèrè afẹ́fẹ́ kí èémí tó lè pèsè rẹ̀, ohun tó sì máa mọ̀ lára kò yàtọ̀ sí ìjayà.

Tó bá dé láàárín omi

Ẹ dúró. Ẹ yí fẹ̀yìn lé omi, kí etí méjèèjì wà nínú omi, ikùn lókè, ọwọ́ nà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹsẹ̀ máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń ṣèèyàn bíi kó gbé orí sókè tàbí kó nà ró bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Ohun tó ń rini gan-an nìyẹn. Ẹ gbá bọ́ì mọ́ àyà. Ẹ fẹ́ èémí síta pẹ̀lú ẹnu tó sún jọ, kẹ́ ẹ ka mẹ́wàá irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá àmì yín létí omi, ẹ lúwẹ̀ẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú orí lókè díẹ̀, kẹ́ ẹ tó padà sí jíju ọwọ́. Tó bá tún padà wá, ẹ jáde lọ́jọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ẹ na apá kan sókè kẹ́ ẹ pariwo. Níbi ìdíje, ẹ lè di kayak, ọkọ̀ kékeré tí àwọn aláàbò ń wà, mú sinmi. Ẹ bi àwọn olùṣètò ṣáájú bí òfin tiwọn ṣe rí.

Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ni, ẹ má dojú kọ ọ́ gbá a mú, á gun yín lórí. Ẹ ti bọ́ì sí i láti ọ̀ọ́kán, kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀.

Koríko omi tó wé mọ́ ẹsẹ̀ kì í fani. Gbígbá tẹ́ ẹ bá ń gbá a ló ń dì í. Ẹ dá ẹsẹ̀ dúró, ẹ nà án gbọọrọ, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ nìkan rọra kúrò. Omi tó ṣókùnkùn: ẹ má wá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ìhó tó ń ti imú yín jáde. Tí ìgbì bá ń ti apá kan wá, ẹ mí sí apá kejì. Tí ìṣàn bá ń fà yín kúrò létí òkun, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ kò ó. Ẹ léfòó, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ jáde nínú rẹ̀, ní ìbú etíkun, kẹ́ ẹ tó kọjú sí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ohun tí kì í ṣe ìjayà

Ìjayà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lé omi. Tí èémí ò bá rọlẹ̀, tó tún ń le sí i nígbà tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, tí ikọ́ wọ̀ ọ́, tí àyà ń dún wọrọwọrọ, tàbí tí itọ́ tó ń hó bí ọṣẹ tàbí aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ó lè jẹ́ omi ara ló ń jò sínú ẹ̀dọ̀fóró yẹn. Ó máa ń ṣe àwọn tí ara wọn le koko pàápàá. Ẹ má dùbúlẹ̀ mọ́: ẹ nàró, ẹ di bọ́ì tàbí ọkọ̀ mú, ẹ pe ìrànlọ́wọ́, ẹ jáde. Lórí ilẹ̀, ẹ tú aṣọ rọ́bà kúrò láyà, ẹ jókòó gbọnrangandan, ó di ilé ìwòsàn. Bákan náà ni àyà dídùn àti ọkàn tó ń lù ségesège.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí kò dáa

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má lọ síbì kankan: ẹ ṣe ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkẹrin, kẹ́ ẹ jáde. Ọjọ́ kejì, 50 mítà ní ìbú etí omi. Ọjọ́ kẹta, 100. Tó bá jẹ́ òtútù ló ń dà yín láàmú, wíwọ omi tútù fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, máa ń dín gúlegúle yẹn kù púpọ̀. Ẹ tètè gbẹra kẹ́ ẹ sì wọṣọ tẹ́ ẹ bá jáde, torí ara ṣì máa ń tutù sí i fún ìgbà díẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: bí omi ṣe tutù tó, àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà kẹ́ ẹ tó lè ka Àìkú dé Àbámẹ́ta láìjá a.